Bàbá Mò-ń-Bọ̀: Ọlọ́tí Àjàrà Tí Ara Rẹ̀ Kò Gba Ìjókòó

Ọjọ́rú, ọjọ́ keje oṣù kẹta ọdún 1945, ni a bí bàbá wa ọ̀wọ́n, olóògbé tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Bàbá Mò-ń-Bọ̀, nínú yàrá ẹ̀yìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó kọjú sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Bàbá tó bí wọn lọ́mọ ń fi kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà káàkiri ìlú, ìyá tó bí wọn sì ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà ilé kan náà. Ọmọ méjì ni wọ́n bí, bàbá wa ni ìkejì. Ìyá wọn àgbà máa ń sọ pé wọn kò ju ọmọ oṣù mẹ́jọ lọ tí wọ́n fi rìn, àti pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ forí lé. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tó jókòó láàárín wa lónìí, ní kì í ṣe àsọdùn, nítorí òun lòun sáré lọ gbé wọn lójú títì.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1951, wọ́n sì jáde ní 1958 pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tó dára àti lẹ́tà ìkìlọ̀ méjì. Olùkọ́ kan kọ ọ́ sínú ìwé èsì ìparí ọdún wọn pé: "Orí ọmọ yìí pé, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò bá àga rẹ́." Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹbí. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama, láti 1959 sí 1963, èdè ilẹ̀ òkèèrè àti àwòrán ilẹ̀ ayé ni wọ́n mọ̀ jù. Ìṣirò ni wọ́n máa ń sá fún, ojú fèrèsé ni wọ́n sì máa ń gbà.

Ní ọdún 1964, wọ́n gba iṣẹ́ akọ̀wé nílé ìkẹ́rùsí kan ní èbúté. Iṣẹ́ ìjókòó ni, ìjókòó náà ì bá sì pa wọ́n, bí kò bá jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹfà ọdún 1968. Páálí kan já bọ́ lára ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù, igo ọtí àjàrà méjìlá sì fọ́ yángá-yángá sórí sìmẹ́ńtì. Àwọn yòókù lọ wá ìgbálẹ̀. Bàbá wa kúnlẹ̀, wọ́n ń gbóòórùn ilẹ̀. Wọ́n ní òórùn òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí òkúta làwọn gbọ́ níbẹ̀, àti ti èso tó pọ́n jù lọ́jọ́ kan. Orúkọ ẹbí kan àti àwòrán ilé kékeré kan wà lára páálí náà. Wọ́n kọ lẹ́tà sí ẹbí yẹn, wọ́n bi wọ́n pé: "Ta gan-an ló ṣe é nínú yín?" Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, opó àgbàlagbà kan fèsì pé òun àti àwọn ọmọ òun ọkùnrin méjì ni, àti pé bó bá wù wọ́n, kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ lóhun tí à ń sọ fún bàbá wa.

Wọ́n lọ ní ọdún 1970. Òkè tí ọgbà àjàrà opó náà wà lórí rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ kankan kò lè gùn ún. Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n gbé kọ́ ẹ̀yìn ni opó náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń kó èso sọ̀kalẹ̀. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí àgbá ọtí wọn wà kò tóbi ju pálọ̀ wa lọ. Wọ́n jọ jẹun lórí tábìlì kan, bàbá wa sì ní kí ìyá àgbà náà na ọwọ́ sí àwọn, kí àwọn wo ọwọ́ tó ń gé ẹ̀ka àjàrà. Ọwọ́ náà le bí èèpo igi. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti fi òfin de ara wọn pé àwọn kò ní í ra ọtí nílé tí àwọn kò bá tíì bá gbogbo ẹbí jẹun, kí àwọn sì wo ọwọ́ wọn. Bí wọ́n bá jẹun tán, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi olórí ilé: "Tí ẹ bá ti lọ, ta ló máa jókòó ti àjàrà yìí?" Bí olórí ilé bá ń wo òkè wo ilẹ̀, bàbá wa á dìde, wọ́n á dúpẹ́ oúnjẹ, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Ìyá wa ní ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn gbọ́ nípa ìbéèrè yẹn, ìkòkò fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Bàbá Mò-ń-Bọ̀ ló ń bèèrè ẹni tó máa jókòó nílé onílé!

Ọdún 1973 ni wọ́n gbé ìyá wa níyàwó. Ìyá wa ń po oògùn nílé ìwòsàn, ibẹ̀ ni bàbá wa ti wá ra oògùn ikọ́. Ìyá wa ṣí igo náà, wọ́n gbé e sí imú, wọ́n sì dá a padà sórí pẹpẹ: ẹnìkan ti lẹ ìwé oògùn ikọ́ mọ́ oògùn inú rírun. Bàbá wa ní ojú ẹsẹ̀ ni àwọn ti mọ̀ pé àwọn ti rí aya. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìgbéyàwó, wọ́n gbé àpótí, wọ́n dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ní, "Mò ń bọ̀." Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni wọ́n lò. Ìyá tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú ní òdìkejì títì ló sọ wọ́n ní Bàbá Mò-ń-Bọ̀, orúkọ náà sì mọ́ wọn lára. Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ni ìyá wa ń bèèrè lọ́wọ́ ọkọ wọn: kí wọ́n dúró nílé, kí àwọn náà rí ọkọ àwọn wò. Gbogbo ohun tó kù tí ẹ máa kà nínú ìwé yìí, orí ọ̀rọ̀ yẹn ló dá lé.

Wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù ní 1975, yàrá tóóró kan tí igo dùbúlẹ̀ sí lára ògiri méjèèjì, láìsí àga kankan níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè kan di mẹ́ta, ó di márùn-ún. Ní ilẹ̀ kan tó pọ́n bíi bíríkì, wọ́n bá alágbẹ̀dẹ kan tó ti fi iṣẹ́ irin sílẹ̀, tí òun àti àwọn ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń ṣọ́ ọgbà àjàrà. Alágbẹ̀dẹ yìí kì í bu ọtí fún àlejò títí àlejò á fi bá a gé ẹ̀ka fún odidi àárọ̀ kan. Ní ilẹ̀ mìíràn, létí òkun, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń da iyọ̀ sára ewé, obìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá ló jọ ni ọgbà kan. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọn kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀, síbẹ̀ wọ́n jọ ń ṣe ọtí kan náà. Bàbá wa ló ń gbé ọ̀rọ̀ láti ìdí àgbá dé ilé ìdáná.

"Ẹ̀gbọ́n yín ní Mọ́ńdè lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í ká èso."

"Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti mọ̀ kó tó mọ̀."

Bàbá wa ní bí èèyàn bá fara balẹ̀ mu ọtí yẹn, á gbọ́ ìjà nínú rẹ̀, pé ìyẹn gan-an ló ń mú un dùn.

Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ: obìnrin ní 1974, ọkùnrin ní 1977, obìnrin ní 1982. Orí òkè ni bàbá wa wà nígbà tí a bí àkọ́bí, etí òkun ni wọ́n wà nígbà tí a bí ìkejì. Ti ìkẹta bá wọn nílé, nítorí ọkọ̀ òfurufú wọn pẹ́. Wọ́n mọ ọjọ́ ìbí gbogbo ọmọ-ọmọ alágbẹ̀dẹ, wọn kò mọ kíláàsì tí ọmọ tiwọn wà. Ọmọ wọn ọkùnrin ní kí a yọ gbólóhùn yìí kúrò. Àkọ́bí, tó ń kọ ìwé yìí, kò yọ ọ́, nítorí bàbá wa fúnra wọn kò fẹ́ràn kí a máa bu omi la ọtí. A kò sì ní í tìtorí èyí sọ pé wọn kò nífẹ̀ẹ́ wa. Wọ́n nífẹ̀ẹ́ wa, wọ́n sì ń lọ. Wọ́n máa ń kọ́ àwọn oníbàárà pé igo tó bá ti òkèèrè dé gbọ́dọ̀ sinmi fún ogójì ọjọ́ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i. Ìyá wa gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Orí ló ṣe igo lóore."

Ní ti ìgbàgbọ́, wọ́n ṣe ìrìbọmi ní 1976. Àwọn alàgbà kan ń kùn pé kí ni ọlọ́tí ń wá nínú ìjọ, ṣùgbọ́n àlùfáà dá wọn lóhùn pé ẹni tó ń fún wa ní ọtí ìsìn tí kò ní àbùlà láìgba nǹkan kan, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Wọ́n fi wọ́n ṣe adènà, wọ́n sì wà lẹ́nu rẹ̀ fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, nítorí iṣẹ́ yẹn nìkan ló jẹ́ kí wọ́n lè fi ìdúró sin Ọlọ́run. Ní àdúgbò, wọ́n jẹ́ alága ẹgbẹ́ onílé fún ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n sì wá sí ìpàdé mẹ́rin. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi ẹ̀rọ kò yọ mọ́ ní 1989, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi ń lọ sí ọ́fíìsì àwọn olómi láràárọ̀, tí wọ́n ń lọ síwá sẹ́yìn níwájú tábìlì ọ̀gá. Ọ̀gá náà rán àwọn òṣìṣẹ́ wá tún un ṣe, ó ní kí ojú òun lè sinmi.

Nínú oṣù kìíní ọdún 1996, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí àbíkẹ́yìn wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ oníbùgbé, ìyá wa pe bàbá wa síwájú gbogbo ọmọ. "Bàbá àwọn ọmọ," ni wọ́n wí, "mi ò tọrọ aṣọ, mi ò tọrọ mọ́tò. Ọdún kan ni mo ń tọrọ. Ẹ jókòó tì mí fún ọdún kan péré." Bàbá wa gbà tọkàntọkàn, omi sì lé ròrò sí wọn lójú. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ọdún náà gbà. Ní ọjọ́ kejì wọ́n kun géètì. Ní ọjọ́ kẹrin wọ́n tún un kùn ní àwọ̀ mìíràn. Wọ́n tú aago ògiri tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Wọ́n wá wọ ilé ìdáná, wọ́n ń kọ́ ìyá wa bó ṣe yẹ kí wọ́n máa to ìkòkò. Ní ọjọ́ kọkànlá, ìyá wa fọwọ́ ara wọn gbé àpótí náà sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ẹ máa lọ, kí n tó ṣe ohun tó máa gbé mi dé kóòtù." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti gbé bàbá lọ, àkọ́bí wọn bá ìyá wa ní yàrá, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n di bàtà ilé ọkọ wọn mú, wọn kò rẹ́rìn-ín rárá.

Nínú oṣù kẹjọ ọdún 2009, ibà líle kan dá bàbá wa dùbúlẹ̀. Ara wọn yá, ṣùgbọ́n imú wọn kò padà bọ̀ sípò. Ọṣẹ, èéfín, òjò, wọn kò gbóòórùn ọ̀kankan mọ́. Wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ti ń fi imú jẹun fún ogójì ọdún, báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́? Wọ́n ń gbé ife sókè, wọ́n ń wo àwọ̀ rẹ̀, wọ́n ń mi orí bí ẹni tó mọ̀.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ìyá méjì létí òkun. Ẹ̀gbọ́n ti gbàgbé láti dé àgbá kan dáadáa. Àbúrò rí i, kò sì sọ, nítorí wọn kì í sọ̀rọ̀. Ọtí inú àgbá náà di kíkan. Wọ́n fi ìtìjú bu ú fún bàbá wa, wọ́n ń retí kí wọ́n tu ú dànù kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Ahọ́n bàbá wa mọ̀ pé ó kan díẹ̀, ṣùgbọ́n ọtí ibẹ̀ a máa kan díẹ̀ tẹ́lẹ̀. Imú ló yẹ kó dájọ́, imú kò sì sí níbẹ̀. Wọ́n ní, "Èyí ló dára jù látìgbà tí mo ti ń wá síbí." Àwọn obìnrin náà wojú ara wọn. Wọ́n rò pé bóyá àwọn gan-an ni kò mọ nǹkan tí àwọn ṣe mọ́, wọ́n sì di páálí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fún wọn.

Àwọn oníbàárà mu ún, wọ́n sì yìn ín. Dókítà eyín kan ní òun gbọ́ ìró òkun nínú rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìtura gbé e síwájú àwọn àlejò pàtàkì. Bàbá Mò-ń-Bọ̀ ti ní ó dára, ta ló fẹ́ jẹ́ aláìmọ̀kan? Ìyá wa, tí kì í mutí, ló ń bu ú fún àlejò kan nílé nígbà tí wọ́n dáwọ́ dúró, tí wọ́n gbé igo náà sí imú.

"Bàbá àwọn ọmọ, ọtí yìí ti kan."

Bàbá wa gbé ife àlejò sókè, wọ́n ń wo àwọ̀ rẹ̀. Ìyá wa wojú wọn títí.

"Láti ìgbà wo lẹ kò ti gbóòórùn mọ́?"

Ibẹ̀ ni bàbá wa ti bú sẹ́kún, níwájú àlejò. Àwa ọmọ kò rí ẹkún wọn rí kó tó dìgbà náà.

Wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn lọ láti ilé dé ilé, wọ́n jẹ́wọ́ fún oníkálukú, wọ́n gba igo kíkan, wọ́n fi òmíràn rọ́pò. Dókítà eyín nìkan ni kò dá tiẹ̀ padà. Ó ní kò sí ohun tó ṣe ọtí òun. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n wọlé, wọ́n jókòó kọjú sí ògiri fún oṣù méjì. Ìjókòó tí ìyá wa ti ń tọrọ láti 1973 ni wọ́n rí gbà yẹn, ọkàn wọn kò sì lè gbà á. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá wa ti wọṣọ, wọ́n ti di àpótí méjì. "Ẹ dìde," ni wọ́n wí. "Ẹ̀yin ẹ máa wo ọwọ́ wọn, èmi á máa bá yín gbóòórùn ọtí wọn."

Láti 2011 títí di 2022, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń lọ. Bí ọtí bá dára, ìyá wa á tẹ ọrùn ọwọ́ bàbá wa lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá dára, ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́ síta gbangba: "Eléyìí ń rùn bí ìwé àtijọ́, ẹ gbé e kúrò." Alágbẹ̀dẹ, tó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ní kí ìyá wa gé ẹ̀ka fún òun ní odidi àárọ̀ kan. Wọ́n gé e, ọwọ́ wọn bó, wọ́n sì ń fi ọwọ́ náà han gbogbo ará àdúgbò. Wọn kò jẹ́wọ́ pé àwọn ń gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n àpótí wọn kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà mọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, dókítà ní ọkàn bàbá wa kò lè gba ọkọ̀ òfurufú mọ́. Ìgbà ìkórè dé, àwọn ọmọ-ọmọ opó orí òkè sì kọ̀wé pé àwọn ń retí wọn. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án, ìyá wa dá lọ. Bàbá wa gbé àga sídìí fèrèsé. Gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá ni wọ́n ń na ọrùn sí. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà, fóònù kò wọlé mọ́ sórí òkè náà, ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun bàbá wa. Wọ́n ń bi àkọ́bí wọn ní wákàtí wákàtí pé, "Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tí wọn kò fi pè?"

Àkọ́bí dá wọn lóhùn pé, "Bàbá, a kì í mọ̀. Èèyàn kàn máa ń dúró ni."

Wọ́n wo ọmọ wọn, wọn kò sì bèèrè mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ kọkàndínlógún ni ìyá wa dé, ní ọ̀sán. Bàbá wa ti wà ní géètì, wọ́n fi ọ̀pá gbéra dúró. Wọn kò tilẹ̀ kí wọn káàbọ̀.

"Ṣé bó ṣe máa ń rí rèé?"

Ìyá wa sọ àpótí kalẹ̀. "Bó ṣe máa ń rí nìyẹn."

"Ọdún mélòó lo fi ṣe é?"

"Mẹ́tàdínlógójì."

Bàbá wa di ọwọ́ wọn mú, wọ́n ní kí wọ́n dárí ji àwọn. Ìyá wa ní ó ti rẹ àwọn, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn wọlé ná.

Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, bàbá wa kò bèèrè àpótí, wọn kò kun géètì. Ẹ̀gbẹ́ ìyá wa ni wọ́n ń jókòó sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 2023, ìyá wa ń ṣàlàyé òórùn ọtí tuntun orí òkè fún wọn nígbà tí bàbá wa mí kanlẹ̀, tí ó sì parí. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n.

Wọ́n fi ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin sáyé lọ, wọ́n fi ìyàwó wọn ọ̀wọ́n, àkọ́bí wọn tí í ṣe olùkọ́, ọmọ wọn ọkùnrin tó ń tún lífíìtì ṣe, àbíkẹ́yìn wọn tí í ṣe nọ́ọ̀sì, àti ọmọ-ọmọ méje, tí mẹ́ta nínú wọn kò lè jókòó. Ẹbí márùn-ún ní orílẹ̀-èdè márùn-ún ló kọ̀wé bá wa kẹ́dùn. Ti etí òkun jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, àmọ́ ọwọ́ ìkọ̀wé méjì ló wà nínú rẹ̀.

Ẹbí fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tó máa wá kí ìyá wa pé kí ẹ tètè wá, nítorí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá wọn wí. Wọ́n ní kí ọ̀rọ̀ àwọn fúnra àwọn parí ìwé yìí, kí ọmọ kankan má sì tún un ṣe:

"Bàbá àwọn ọmọ, mo ti rò ó dáadáa, mo ti dárí jì yín. Mò ń lọ, mi ò sì ní í tètè dé. Ẹ sùn re níbi tí ẹ wà yẹn. Ó ti kàn yín báyìí: ẹ dúró dè mí."